Ọdúnjọ, Ẹni Tó Kọ́ Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Wa Ní Ewì

 Ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ìkẹjà, ẹ̀yin tí ẹ fò wá láti ìlú òyìnbó, àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kúrò ní Àjàngbádì láti ọjọ́ tí a ti jáde, mo kí gbogbo yín pátá. Kí ìlù tó dún, kí oúnjẹ tó dé orí tábìlì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi létí díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò rí i rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, gbé e sílẹ̀ ná kí o dìde dúró. Rántí ewì tí wọ́n kọ́ wa nípa iṣẹ́ àti òṣì ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí. Ṣé o ti rí i báyìí? Ẹnu rẹ kò tíì dé ìlà kejì tí ọwọ́ rẹ ti ń gbéra. Orí ti ń mì, ẹsẹ̀ ti ń lu ilẹ̀. A ti dàgbà, irun ẹlòmíràn ti funfun nínú wa, síbẹ̀ ara kò gbàgbé. Ẹni tó kọ ewì náà ni Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ. Òun náà ló ni ìwé Aláwíyé tí a ń kó sínú báàgì lọ sí ilé ìwé.

Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ìyẹn fi ṣáájú ìgbà tí Lugard so àríwá àti gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Ilé ìwé àwọn Kátólíìkì ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ ìjọ kan náà. Nígbà tó fi máa di 1924, tó jẹ́ ẹni ogún ọdún, òun náà ti di tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà Kátólíìkì ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló wà títí di 1927. Ẹ ronú sí i ná: ọmọ ogún ọdún, tí àwọn mìíràn ṣì ń wá ohun tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe, òun ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà nínú wa mọ bí ilé ìwé ayé ọjọ́un ṣe rí. Síléètì ni ọmọdé fi ń kọ̀wé. Bí tíṣà bá wọlé, kí gbogbo wọn ká ọwọ́ gbera, kí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tó bá ń mì lórí bẹ́ńṣì, ọmọ burúkú ni. Ìwé kíkà Yorùbá wà lóòótọ́, àwọn ìjọ CMS ti tẹ tiwọn tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ewì, èdè òyìnbó ló gbayì. Ọmọ tí kò rí yìnyín rí láyé rẹ̀ yóò dúró gangan bí òpó, yóò máa ka ewì nípa yìnyín.

Ní ilé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, ní ilé Yorùbá, ewì kì í dá dúró. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọdé yóò pagbo, wọn yóò ṣe eré ẹkùn mẹ́ran. Ọ̀kan di ẹkùn, ọ̀kan di ẹran, àwọn yòókù di ọgbà. Ẹni tó ń lé orin ń lé e, àwọn yòókù ń gbè é, ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì ń ká a lọ. Bí ọdẹ bá ń sun ìjálá, tó bá dé ibi tó dùn, yóò dìde jó. Eégún aláré ń kéwì, ó sì ń tàkìtì. Ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ń sun ẹkún tirẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Ẹnu, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìlù, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ìgbà tí ọmọ bá wọ ilé ìwé ni wọ́n tó pín wọn níyà: ẹnu nìkan ló wọlé, wọ́n ní kí ara dúró síta.

Iṣẹ́ tí Ọdúnjọ ṣe nìyí o: ó ṣílẹ̀kùn fún ara, ó ní kí ó wọlé. Ó kọ Aláwíyé, láti ìwé kìíní fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d, títí dé èyí tí ọmọ yóò kà kí ó tó jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Longmans ló bá a tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ìwé náà ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ẹni tó ń wí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yéni. Àlọ́ wà nínú rẹ̀, ìtàn wà nínú rẹ̀, orin àti ewì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ewì náà kúrú, ìlà rẹ̀ kò gùn ju bí ọmọdé ṣe lè mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè tọ́ka sí: iṣẹ́, ìyá, bàbá, apá, ìgúnpá, ẹ̀rín, omijé. Èèyàn kò lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó dúró bí ère. Bí tíṣà bá ti ka ìlà kan, ara àwọn ọmọ ti mọ ohun tí yóò ṣe.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe é. Bí ewì bá mẹ́nu kan òṣìṣẹ́, a ó tẹ̀ wá sílẹ̀ bí ẹni ń roko. Bí ó bá kan ọ̀lẹ, a ó ká ọwọ́ lérí, a ó fajú ro. Bí ó bá di ti ẹni tí kò rí olùrànlọ́wọ́, a ó wò yí ká, a ó tẹ́wọ́ méjèèjì, ọwọ́ á sì ṣófo. Àwọn ọmọ ìlà iwájú ń ṣe é, ìlà ẹ̀yìn ń tẹ̀lé e, àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi ìka lu bẹ́ńṣì bí ẹni lu gángan. Ẹ̀kọ́ ìwà ni, ijó ni, eré ìdárayá ni, Yorùbá ni. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ogún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo kí aago ìsinmi tó lù.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá nínú wa yóò jẹ́rìí sí. Ohùn ni èdè wa gùn lé. Ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ ló ń fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ ni à ń wọ̀ lọ sí Ìyànà Ìbà, ọ̀kọ̀ sì ni ọdẹ ń jù. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ síwájú ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Ìsókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò, kí ẹ ní kí ó kọ́ ọ lórí páálí, orí rẹ̀ á dàrú. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ní kí ó bẹ̀rẹ̀ roko fún èkíní, kí ó na àyà bí baálé ilé fún èkejì, kí ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú fún ẹ̀kẹta, kí ó ju apá síwájú fún ẹ̀kẹrin, ó tán. Kò ní ṣì í mọ́ títí ayé. Ohùn tó lọ sókè, ẹsẹ̀ á gòkè. Èyí tó wálẹ̀, eékún á tẹ̀. Òun náà kúkú ni onílù ń ṣe tí dùndún fi ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ọdúnjọ lọ kàwé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ Ìmọ̀ Olùkọ́ ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1946 sí 1947, àwọn òyìnbó náà ti ń jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Émile Jaques-Dalcroze, tó kú ní 1950, ti ń kọ́ ọmọdé pé ara ni kí wọ́n fi gbọ́ orin kí wọ́n tó fi ìka tẹ dùùrù. Rudolf Laban, tí ó sá kúrò ní Jámánì wá sí Ìlú Ọba, tẹ ìwé jáde ní 1948 lórí ijó nínú ilé ìwé, ọ̀pọ̀ tíṣà níbẹ̀ sì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọlé. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀tun lọ́hùn-ún, àwọn ìyá wa ti ń ṣe é lábẹ́ òṣùpá kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ ní Badagry. Ọmọ Ìbarà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún òun pé ijó bá ewì mu.

Kì í sì í ṣe ìwé nìkan ló kọ o. Ọdúnjọ mọ̀ pé tíṣà tí ebi ń pa kò lè kọ́ ọmọ ní ijó. Láti 1936 títí di 1951 ló fi jẹ́ olùdásílẹ̀ àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Kátólíìkì. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ń bá wọn jà fún owó oṣù tó dára àti ọ̀wọ̀ tó tọ́. Ní 1951 ló bọ́ sí òṣèlú, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ nínú ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìjọba yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Ẹ wo bí èrò ṣe ya wọlé: nǹkan bí ọmọ 457,000 ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 811,000. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ aláró, ọmọ apẹja, ọmọ ẹni tí kò fọwọ́ kan ìwé rí. Àwọn wọ̀nyí ni Aláwíyé pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ewì tí ọmọ lè fi ara sọ kò béèrè bóyá bàbá rẹ̀ mọ̀wé. Bí ọmọ bá délé ní ìrọ̀lẹ́, tó ń ṣe é níwájú ìyá rẹ̀ lẹ́bàá iná, ìyá náà á mọ̀ ọ́n, ó lè máà mọ a yàtọ̀ sí b.

Ó tẹ eré Agbàlọ́wọ́mérìí Baálẹ̀ Jòntolo jáde ní 1958. Baálẹ̀ olójúkòkòrò ni eré náà dá lé, ilé ìwé girama káàkiri sì gbé e sórí ìtàgé. Ní 1961, ó kó ewì jọ sínú Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn. Ní 1964, ó kọ Ọmọ Òkú Ọ̀run, ó sì tún kọ Kúyẹ̀. Èmi rò pé inú Kúyẹ̀ ni ọkàn Ọdúnjọ gbé hàn jù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kà á rántí pé ọmọ òrukàn ni Kúyẹ̀, odi ni, etí rẹ̀ sì di. Ìyà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí oníṣẹ́ ọ̀rọ̀ fi mú ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, tó fi í ṣe akọni ìwé? Tíṣà tó ti wo ojú ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń kún inú ọmọ kí ó tó dé ẹnu rẹ̀, àti pé ojú àti ọwọ́ ti máa ń sọ ọ́ ṣáájú. Gbogbo kíláàsì ló ní Kúyẹ̀ tirẹ̀, ọmọ tó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀, tí kì í dáhùn. Ẹ fi ewì sí i lára, kí ẹ wá wò ó.

Àdúgbò tiwa náà nìyí. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn kò sì jìnnà. Nígbà tí títì Badagry là á já, tí ìjọba Jákàńdè kọ́ ilé sí Ìbà, tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, tí ọjà Alábà tún ń gbòòrò, gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà ló rọ́ dé Àjàngbádì àti Okokomaiko. Kíláàsì wa dà bí ọjà. Ọmọ ṣọ́jà láti bárékè Ọ̀jọ́ jókòó ti ọmọ oníṣòwò Alábà, ọmọ Ègùn jókòó ti ọmọ Àwórì. Èdè tó wà lẹ́nu wa kò dọ́gba, ṣùgbọ́n bí a bá ti dìde fún ewì, ta ni yóò mọ ẹni tó jẹ́ àlejò? Àwọn kan nínú wa tí orúkọ wọn kì í ṣe ti Yorùbá ló ń ṣíwájú níbi ìparí táàmù. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ báyìí, ọwọ́ ìyá ẹni á dún. Lónìí, Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, òun ni wọ́n fi ń bá ìyàwó ṣeré. Ibo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí. Ẹ rìn kiri àdúgbò yìí lónìí, kí ẹ ka iye ilé ìwé aládàáni tó wà láàárín ìbùdókọ̀ kan sí èkejì. Nínú àwọn kan, ọmọ tó bá sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn. Níbi tí wọ́n tilẹ̀ ti ń kọ́ ọ, orí bọ́ọ̀dù ló ń parí sí: kí ọmọ da ìlà ewì kọ, kí ó dárúkọ ọnà èdè inú rẹ̀, kí ó jókòó. Ara ti tún padà síta, níbi tí Ọdúnjọ ti bá a. Òfin kò sàìsí o. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ ní 2022 pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé ìwé padà sí.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ewì àti ijó ni yóò gbé ọmọ dé yunifásítì? Ẹ jẹ́ kí n rán a létí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Láti 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò mọ́ àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, àwọn ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé wọ̀nyí kò kẹ́yìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọn kò kẹ́yìn. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ bá rinlẹ̀ kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́.

Olóyè Ọdúnjọ dágbére fáyé ní 1980, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àwọn ọ̀mọ̀wé dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrántí sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ tó tóbi jù lọ kò sí nínú gbọ̀ngàn kankan. Ara tìrẹ tí o ń ka èyí ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ìwé náà mọ́. Òjò ti pa á, èkúté ti jẹ ẹ́, a ti fi ewé rẹ̀ di ẹ̀pà. Èyí tí a fi sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa, èkúté kò rí i jẹ. Ibi tí ewu wà ni pé ara ẹni kì í wà títí. Bí àwa tí a mọ̀ ọ́n bá lọ láìfi lé ọmọ lọ́wọ́, ìwé lè kù lórí pẹpẹ, ewì inú rẹ̀ yóò kàn di òkú lẹ́tà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo mú wá síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a ra Aláwíyé àti Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn tó tó kíláàsì méjì, kí a gbé e fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà nítòsí wa. Ẹ̀kejì, kí a san owó onílù kan, kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bá tíṣà Yorùbá ṣiṣẹ́. Owó tí a fi ń rán aṣọ ẹbí ọdún kan yóò ṣe é, ó sì lè kù. Ẹ̀kẹta kò ná wa ní kọ́bọ̀: bí o bá délé lálẹ́ òní, gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ tàbí ọmọ ọmọ rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Jẹ́ kí ó rí ọ bí o ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀ roko, bí o ṣe ń tẹ́wọ́, bí o ṣe ń ká ọwọ́ lérí. Yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín, má dáa lóhùn. Ìlà kẹta kò ní kọjá kí òun náà tó dìde.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á tún pàdé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa kò ní rọ o. Àṣẹ.